Meghalaya ní Íńdíà: ìbéèrè táwọn èèyàn sábà máa ń béèrè, àti ìdáhùn wọn

Ibo gan-an ni Meghalaya wà?

Tẹ́ ẹ bá la máàpù Íńdíà sílẹ̀, ẹ máa rí i pé lápá àríwá ìlà oòrùn, orílẹ̀-èdè náà tín-ín-rín débi pé ó kù díẹ̀ kó já, torí Bangladesh ti ki ara bọ̀ ọ́ láàárín. Ìpínlẹ̀ méje ló wà ní ìkọjá ibi tó tín-ín-rín yẹn, ọ̀kan nínú wọn ni Meghalaya. Òun àti Assam ló jọ pààlà lókè àti lápá ìlà oòrùn, Bangladesh ló wà nísàlẹ̀ àti lápá ìwọ̀ oòrùn, kò sì síbi tó ti kan òkun rárá. Gbogbo ilẹ̀ ẹ̀ jẹ́ 22,429 kìlómítà níbùú lóòró. Òkè ló pọ̀ jù níbẹ̀, òkè Garo lápá ìwọ̀ oòrùn, òkè Khasi láàárín, òkè Jaintia lápá ìlà oòrùn, orúkọ àwọn tó ń gbé orí òkè kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń pè é.

Shillong ni olú ìlú, ó fi nǹkan bí 1,500 mítà ga ju òkun lọ, ìdí nìyẹn tí òtútù fi máa ń mú níbẹ̀ nígbà tí ooru bá ń pa àwọn èèyàn nísàlẹ̀ ní Assam.

Ìgbà wo ló di ìpínlẹ̀?

January 21, 1972. Abẹ́ Assam ló wà tẹ́lẹ̀, kódà láti 1874, nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Shillong ni olú ìlú Assam. Nígbà tí Assam wá sọ ní 1960 pé èdè Assamese ni ìjọba á máa lò, àwọn ará orí òkè yarí, wọ́n ní èdè àwọn àti àṣà àwọn máa parẹ́ tí àwọn bá dákẹ́. Wọ́n kóra jọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jà fún ìpínlẹ̀ tiwọn, ẹnu àti ìwọ́de ni wọ́n fi jà á, wọn ò gbé ìbọn bíi tàwọn ìpínlẹ̀ kan lágbègbè yẹn. Wọ́n kọ́kọ́ fún wọn láyè láti máa darí ara wọn lábẹ́ Assam ní 1970, ọdún méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n wá dá dúró pátápátá. Williamson Sangma ni Chief Minister àkọ́kọ́, ipò yẹn ló ń darí ìpínlẹ̀ ní Íńdíà, kì í ṣe gómìnà bíi tiwa.

Ẹ má sì rò pé ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń jà fún ilẹ̀ wọn. Tirot Sing tó jẹ́ ọba kan nílẹ̀ Khasi bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jà láti 1829 nígbà tí wọ́n fẹ́ la ọ̀nà gba ilẹ̀ ẹ̀ kọjá, ó kú sí àhámọ́ wọn ní Dhaka ní 1835. Kiang Nangbah ní Jaintia, wọ́n yẹgi fún un ní Jowai ní December 30, 1862, ọ̀rọ̀ owó orí ló dá ìjà tiẹ̀ sílẹ̀. Pa Togan Sangma ní Garo kú sójú ìjà ní 1872. Títí dòní ni wọ́n ń ṣe ìrántí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àwọn wo ló ń gbébẹ̀, èdè wo ni wọ́n sì ń sọ?

Nígbà tí wọ́n kànìyàn ní 2011, wọ́n jẹ́ 2,966,889. Khasi ló pọ̀ jù, Garo tẹ̀ lé e, àwọn Jaintia tí wọ́n tún ń pè ní Pnar sì sún mọ́ Khasi gan-an ní èdè àti àṣà. Èdè Khasi ò bá èdè Íńdíà tó yí i ká tan, àwọn tó bá tan ni èdè àwọn ará Cambodia àti Vietnam. Èdè Garo ní tiẹ̀ bá ẹ̀yà èdè Tibet àti Burma lọ. Torí náà ará Shillong àti ará Tura, ìlú ńlá ilẹ̀ Garo, lè máà gbọ́ra wọn yé rárá, èèbó ni wọ́n máa fi sọ̀rọ̀, èèbó náà ni ìjọba ń lò. Àwọn ará Bengal, Nepal àti Assam náà wà níbẹ̀ tó ti pẹ́, pàápàá nínú Shillong.

Ṣé òótọ́ ni pé obìnrin ló ń jogún?

Òótọ́ ni, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ káàkiri ló ń da ọ̀rọ̀ rú. Láàárín àwọn Khasi àti Jaintia, ìdílé ìyá lọmọ ń bá lọ, orúkọ ìdílé ìyá ló ń jẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹnikẹ́ni tó bá wá látinú ìdílé yẹn, bó ti wù kí wọ́n jìnnà síra wọn tó, èèwọ̀ ńlá ni. Ìdílé yẹn ni wọ́n ń pè ní kur. Tó bá wá di ọ̀rọ̀ ogún, àbígbẹ̀yìn obìnrin, ìyẹn khatduh, ni ilé àti ilẹ̀ ẹbí máa ń bọ́ sí lọ́wọ́, kì í ṣe àkọ́bí o, kì í sì í ṣe ọkùnrin.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹrù tó wà níbẹ̀. Khatduh ló máa dúró nílé, òun ló máa tọ́jú bàbá àti ìyá títí wọ́n á fi kú, ọmọ ìyá ẹ̀ èyíkéyìí tí nǹkan bá yíwọ́ fún, bóyá ọkọ kú, bóyá iṣẹ́ bọ́, ilé ẹ̀ ni wọ́n máa padà sí, òun náà ló ń bójú tó ètùtù ẹbí nílé àwọn tó ṣì ń ṣe ẹ̀sìn àbáláyé. Kò lè dìde lọ́jọ́ kan kó lọ ta ilẹ̀ yẹn, àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ìyá ẹ̀ lọ́kùnrin gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i, ohùn wọn ń tẹ̀wọ̀n nínú ilé ju bí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa Khasi lókèèrè ṣe mọ̀ lọ. Ká tiẹ̀ sọ pé òun ni olùtọ́jú ju olówó lọ. Ọkùnrin tó bá fẹ́ khatduh, òun ló máa kó ẹrù ẹ̀ lọ sílé ìyàwó.

Àwọn Garo ní tiwọn máa ń yan ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin, kò pọndandan kó jẹ́ àbígbẹ̀yìn. Nokna ni wọ́n ń pè é, wọ́n á wá ọkọ fún un látinú ìdílé bàbá ẹ̀, ọkọ yẹn ló máa dúró sípò àna ẹ̀ tó bá yá.

Àwọn ọkùnrin Khasi kan ń fapá jánú sí ètò yìí. Ẹgbẹ́ wọn kan, Syngkhong Rympei Thymmai, ti ń jà láti 1990 pé kí ọmọ máa jẹ́ orúkọ bàbá, kí ọkùnrin náà sì nípìn-ín nínú ogún. Ìgbìmọ̀ ilẹ̀ Khasi náà gbé àbá òfin kan jáde ní 2018 pé obìnrin Khasi tó bá fẹ́ ẹni tí kì í ṣe Khasi, òun àtọmọ ẹ̀ ò ní jẹ́ Khasi mọ́, ariwo tó tẹ̀ lé e ò kéré. Èmi ò fara mọ́ àbá yẹn. Ètò tó jẹ́ pé lára ìyá ló dúró lé, kò yẹ kó jẹ́ ìyá náà ni wọ́n máa lé jáde nínú ẹ̀.

Ṣé obìnrin náà ló wá ń ṣe olórí ìlú?

Rárá o. Ìpàdé ìlú tí wọ́n ń pè ní dorbar, ọkùnrin ló ti ń jókòó síbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ibòmíì wà tó jẹ́ pé obìnrin ò gbọ́dọ̀ dá sí i títí di àìpẹ́ yìí. Nínú ìdìbò 2023, obìnrin mẹ́ta péré ló wọlé sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó ní àga 60. Ogún lọ́wọ́ obìnrin, àṣẹ lọ́wọ́ ọkùnrin, bó ṣe rí nìyẹn.

Ta ló wá ni ilẹ̀?

Lójú tèmi ìbéèrè yìí ló yẹ káwọn èèyàn kọ́kọ́ máa béèrè, torí ọ̀rọ̀ èédú, ọ̀rọ̀ igbó, ọ̀rọ̀ rélùwéè, gbogbo ẹ̀ ló ṣẹ̀ wá látibẹ̀. Ní Meghalaya, ìlú, ìdílé àti ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ àti igbó, ìwọ̀nba díẹ̀ ló wà lọ́wọ́ ìjọba. Apá kan wà nínú ìwé òfin Íńdíà, Sixth Schedule, tó dáàbò bo irú ètò bẹ́ẹ̀, òun ló gbé ìgbìmọ̀ mẹ́ta dìde, ọ̀kan fún Khasi, ọ̀kan fún Jaintia, ọ̀kan fún Garo, àwọn ló ń rí sí ọ̀rọ̀ àṣà, ilẹ̀, igbó àti oyè. Láti 1971 náà ni òfin ti wà pé onílẹ̀ ò kàn lè ta ilẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìbílẹ̀.

Ẹ lọ wo igbó Mawphlang, nítòsí Shillong. Ẹ̀sìn àbáláyé ló ń ṣọ́ ọ, ẹ ò gbọ́dọ̀ mú ohunkóhun jáde níbẹ̀, ewé gbígbẹ pàápàá kò gbọ́dọ̀ bá yín jáde, ó sì ti wà bẹ́ẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún láìsí fọ́rẹ́sítì gáàdì kankan. Ẹ tún gbọ́ ti Spility Lyngdoh Langrin. Wọ́n rí uranium lábẹ́ ilẹ̀ lágbègbè Domiasiat, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ wá bá màmá yìí pé kó fún àwọn nílẹ̀, owó tí wọ́n gbé wá sì pọ̀, màmá ní òun ò ṣe. Títí tó fi kú ní 2020 kò yí ohùn padà, uranium yẹn ṣì wà nínú ilẹ̀. Tó bá jẹ́ ìjọba ló ni ilẹ̀ ni, ta ló máa bi màmá arúgbó abúlé léèrè nǹkan kan?

Kí wá ló dé tí iṣẹ́ èédú fi ba ibẹ̀ jẹ́?

Ilẹ̀ kan náà ni, onílẹ̀ kan náà ni. Èédú wà lábẹ́ òkè Jaintia, àmọ́ ìpele ẹ̀ tinrín, ẹ̀rọ ńlá ò lè wà á pẹ̀lú èrè. Èèyàn ló ń wọlé lọ wà á. Wọ́n á gbẹ́ kòtò lọ sísàlẹ̀ gan-an, wọ́n á wá máa gbẹ́ ihò tóóró láti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ihò tó jẹ́ pé wọ́n máa ń rákò wọ̀ ọ́ ni, ihò eku ni wọ́n ń pè é. Onílẹ̀ ló ń gbowó, òṣìṣẹ́ tó wá láti Assam, Nepal tàbí Bangladesh ló ń kú síbẹ̀, àwọn ọmọdé náà ti ṣe é rí torí ara wọn kéré. Omi tó ń jáde látinú ihò yẹn kan bí ásíìdì, odò ò ní ẹja mọ́, odò Lukha máa ń di búlúù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Kóòtù tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká ní Íńdíà, NGT, fòfin dè é ní April 2014. Wọn ò dúró. Ní December 13, 2018, omi ya wọ ihò kan ní Ksan, ó há àwọn tó wà nínú ẹ̀ mọ́, ó kéré tán wọ́n jẹ́ 15, gbogbo Íńdíà ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀rọ tí wọ́n ní kó fa omi náà ò tètè dé. Òkú méjì ni wọ́n rí gbé jáde. Kóòtù tó ga jù sọ ní 2019 pé wọ́n lè wa èédú tí wọ́n bá gbàwé àṣẹ tí wọ́n sì tẹ̀ lé òfin, síbẹ̀ ihò eku ò tán, èèyàn márùn-ún míì tún há sínú omi ní Umpleng ní 2021.

Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé àwọn olówó díẹ̀ ti ra ilẹ̀ ìlú di ti ara wọn nítorí èédú, torí náà ètò tó yẹ kó dáàbò bo gbogbo èèyàn ti di ààbò fún ìwọ̀nba èèyàn.

Ṣé ibẹ̀ ni òjò ti ń rọ̀ jù láyé?

Bẹ́ẹ̀ ni. Abúlé Mawsynram ló ń gba ipò kìíní, nǹkan bí 11,870 mìlímítà lọ́dún. Sohra, táwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Cherrapunji, ò jìnnà síbẹ̀, òun ló rí òjò 26,461 mìlímítà láàárín oṣù méjìlá, August 1860 sí July 1861, kò tíì síbi tó borí ẹ̀. Ní June 17, 2022 nìkan, òjò ọjọ́ kan ṣoṣo ní Mawsynram lé ní 1,000 mìlímítà.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ ni pé atẹ́gùn tó ti òkun Bengal wá ru omi kọjá lórí Bangladesh tó tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò sóhun tó dá a dúró, àfìgbà tó bá fẹ́ orí gbá òkè Khasi tó dìde lójijì, ibẹ̀ ló ti máa da gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oko máa ń gbé knup sẹ́yìn, ọparun àti ewé ni wọ́n fi hun ún, ó bo orí dé ìdí, ọwọ́ méjèèjì á sì ráyè ṣiṣẹ́.

Mo gbọ́ pé omi tún máa ń wọ́n ní Sohra, báwo?

Òun ló máa ń ya èèyàn lẹ́nu jù. Òjò náà ń rọ̀ láàárín oṣù díẹ̀, orí òkúta ló ń rọ̀ sí, ilẹ̀ tó yẹ kó fà á mu ti ṣàn lọ nígbà tí wọ́n gé igbó, omi á kàn gba inú ihò àpáta kọjá lọ sí Bangladesh. Tó bá di December títí dé March, àwọn obìnrin á máa rìn lọ pọnmi lójú ìsun, àwọn míì á máa ra omi táńkà.

Ihò àpáta yẹn náà lókìkí o. Krem Liat Prah ní Jaintia gùn ju 30 kìlómítà lọ. Inú ihò Mawmluh, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sohra, làwọn onímọ̀ ti rí àmì ọ̀gbẹlẹ̀ ńlá kan tó ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí 4,200 ọdún sẹ́yìn nínú òkúta tí omi ń kán dà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pe ìgbà tí ayé wà yìí ní Meghalayan ní 2018.

Afárá tí wọ́n fi gbòǹgbò igi ṣe ńkọ́?

Ibi tí òjò ń rọ̀ tó báyẹn, afárá onígi á jẹrà, irin á dípẹtà. Àwọn Khasi àti Jaintia tó ń gbé apá ìsàlẹ̀ wá ń gbin igi kan tó bá ọdán wa tan sí etí odò, igi yẹn máa ń na gbòǹgbò láti òkè. Wọ́n á gba inú igi ọ̀pẹ tí wọ́n ti gbẹ́ darí gbòǹgbò náà sọdá odò, tó bá dé òdìkejì á wọlẹ̀, wọ́n á máa hun ún mọ́ra wọn, wọ́n á máa kó òkúta sí i. Ó lè gba ọdún 15 tàbí 30 kó tó gbé èèyàn, torí náà ọ̀pọ̀ àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ń ṣe é fún ọmọ wọn ni. Bó bá sì ti ń dàgbà ló ń lágbára sí i. Ti abúlé Nongriat jẹ́ alájà méjì. Íńdíà ti fi àwọn afárá yìí sínú àwọn ohun tó fẹ́ kí UNESCO kà sí ogún ayé láti 2022.

Iṣẹ́ wo ni wọ́n fi ń jẹun?

Oko ni ti ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìrẹsì, pòtétò, ata ilẹ̀, ọsàn Khasi, ọ̀pẹ òyìnbó, ewé béténì, koríko tí wọ́n fi ń ṣe ìgbálẹ̀ tí wọ́n ń kó lọ tà káàkiri Íńdíà. Ní Garo, wọ́n ṣì ń ṣán igbó sun, wọ́n á gbìn ín fún ọdún díẹ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó sinmi, àmọ́ bí èèyàn ṣe ń pọ̀ sí i, ìsinmi yẹn ti kúrú gan-an. Èyí tó ń múnú mi dùn ni tọ́mẹ́ríkì Lakadong láti Jaintia, ata ilẹ̀ pupa yẹn, agbára tiẹ̀ ju tibòmíì lọ dáadáa. Trinity Saioo, olùkọ́ kan tó tún jẹ́ àgbẹ̀, kó ọ̀pọ̀ obìnrin jọ láti gbìn ín, ìjọba Íńdíà fún un ní oyè Padma Shri ní 2020.

Yàtọ̀ sí oko, ilé iṣẹ́ siméńtì wà ní Jaintia, iṣẹ́ ìjọba àti ilé ẹ̀kọ́ wà ní Shillong, àwọn tó ń wá ṣe fàájì náà ń mówó wọlé. Síbẹ̀ ìpínlẹ̀ náà ò lówó, ọ̀pọ̀ nínú owó tí ìjọba ibẹ̀ ń ná, ìjọba àpapọ̀ ní Delhi ló ń fi í ránṣẹ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣòwò nígbà tí kò sí etíkun?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Kó tó di 1947, ọjà tó sún mọ́ apá ìsàlẹ̀ òkè Khasi ni Sylhet, ẹsẹ̀ òkè báyìí ló wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta ọsàn àti béténì, tí wọ́n sì ti ń ra ìrẹsì àti ẹja. Nígbà tí wọ́n pín Íńdíà sí méjì, Sylhet bọ́ sí apá kejì, èyí tó di Bangladesh báyìí, ọjà ti pa, àwọn tó rọrùn fún tẹ́lẹ̀ wá di tálákà láìkúrò lójú kan. Ìnira yẹn ò tíì tán lára àwọn abúlé bọ́dà dòní. Lónìí mọ́tò ń kó òkúta gba Dawki kọjá, bẹ́líìtì kan tó gùn tó 17 kìlómítà sì ń gbé òkúta siméńtì látorí òkè lọ sí Chhatak ní Bangladesh. Láti 2011 ni wọ́n ti tún ṣí ọjà kéékèèké sí bọ́dà, kí ará abúlé méjèèjì lè ta nǹkan fúnra wọn.

Ẹ̀sìn wo ni wọ́n ń ṣe?

Nínú èèyàn mẹ́rin, mẹ́ta jẹ́ Kristẹni. Thomas Jones, míṣọ́nnárì ará Wales, dé Sohra ní 1841, òun ló fi lẹ́tà ABD kọ èdè Khasi sílẹ̀, àwọn Onítẹ̀bọmi ará Amẹ́ríkà ló lọ sí Garo. Ẹ̀sìn àbáláyé ò kú, ẹgbẹ́ Seng Khasi ti ń gbé e lárugẹ láti 1899, wọ́n ṣì ń jó Nongkrem, àwọn Jaintia ṣì ń ṣe Behdienkhlam ní Jowai láti lé àrùn lọ, àwọn Garo ṣì ń lu ìlù Wangala lẹ́yìn ìkórè.

Kí ni wọ́n ń jẹ, kí ni kwai?

Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni baba oúnjẹ Khasi. Jadoh ni ìrẹsì tí wọ́n sè pẹ̀lú ẹran àti ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, tungrymbai ni ẹ̀wà sóyà tí wọ́n jẹ́ kó kan, kí ẹni tó fẹ́ràn irú má bẹ̀rù òórùn ẹ̀. Kwai wá ni èso ọ̀pẹ kan tí wọ́n ń fi ewé béténì àti ẹfun jẹ. Àlejò kì í wọlé kí wọ́n má fún un ní kwai, bí obì ṣe rí lọ́dọ̀ wa gẹ́lẹ́. Tẹ́nì kan bá kú, wọ́n á ní ó ti lọ ń jẹ kwai nílé Ọlọ́run.

Tẹ́tẹ́ ọfà yẹn ńkọ́?

Teer ni. Lọ́sàn-án, àwọn tafàtafà á ta ọfà sójú kan, wọ́n á ka èyí tó bá wọlé, nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn iye yẹn ló jẹ. Òfin gbà á láyè. Àlá tí wọ́n lá lóru lọ̀pọ̀ ń túmọ̀ sí nọ́ńbà.

Kí ló dé tí wọn ò fẹ́ kí rélùwéè dé Shillong?

Ibùdókọ̀ rélùwéè kan ṣoṣo ni wọ́n ní, Mendipathar ní Garo, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní November 2014. Tilẹ̀ Khasi, àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtàwọn míì ní àwọn ò gbà á, àfi kí ìjọba kọ́kọ́ ṣòfin pé ará ìta máa gbàwé kó tó wọlé. Ilé aṣòfin béèrè irú òfin yẹn ní December 2019, Delhi ò tíì gbà. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n ò kọjá Tripura, ìpínlẹ̀ kan ní ìtòsí tí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀ ti di èèyàn díẹ̀ nílẹ̀ ara wọn. Mo lóye ẹ̀rù yẹn. Àmọ́ mo mọ̀ náà pé ó ti máa ń di ìjà lára àwọn aláìṣẹ̀, àwọn ará Bengal àti Nepal tí wọ́n bí sí Shillong ti fojú winá láwọn ọdún 1979 àti 1987, ìyẹn ò dáa rárá.

Tí mo bá fẹ́ lọ, báwo ni mo ṣe máa débẹ̀?

Guwahati ní Assam ni kẹ́ ẹ wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ, ẹ wá wọ táksí Sumo alájọwọ̀ lọ sí Shillong, nǹkan bí 100 kìlómítà. Tó bá jẹ́ ìrìn ẹsẹ̀ lẹ fẹ́, October sí April ló dáa, tó bá jẹ́ òjò lẹ fẹ́ rí, June sí August. Àtẹ̀gùn tẹ́ ẹ máa sọ̀ dé afárá Nongriat lé ní 3,000, ẹ sì máa gùn ún padà, torí náà ẹ tètè jí. Ẹ pe màmá tó ń tajà ní Kong, ẹ pe ọkùnrin ní Bah, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ dúpẹ́, Khublei. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kì í ṣí lọ́jọ́ Sunday, kẹ́ ẹ ra ohun tẹ́ ẹ máa jẹ sílẹ̀ ní Saturday.